Kókó Inú Ọpọlọ Ọmọdé

Ẹ̀yin òbí ní Mowe, Ibafo àti Ifọ, bí orí bá ń fọ́ ọmọ yín láràárọ̀ tí ó sì ń bì, tí ó ń rí ohun kan ní méjì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ranlẹ̀ mọ́, ẹ má ṣe máa ra oògùn ibà lé oògùn ibà. Kì í ṣe gbogbo orí fífọ́ ni mo ń wí. Ṣùgbọ́n kókó kan wà tí í tàn ká inú ọpọlọ tàbí mùdùnmúdùn ẹ̀yìn bí iyanrìn tó dà sínú gàrí. Ọ̀bẹ kò lè ṣà á tán. Ẹ̀rọ MRI ní í fi í hàn. Bí ibi tó wà bá gbà bẹ́ẹ̀, dókítà a bu díẹ̀ yẹ̀ wò kí ó lè mọ irú rẹ̀, nítorí ìtọ́jú wọn kò dọ́gba. Ẹ gbàwé lọ́wọ́ dókítà lọ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà, tàbí UCH Ìbàdàn, níbi tí Látúndé Òdékù ti dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ ní 1962. Mo bẹ̀ yín, ẹ tètè lọ.