Ohun tó Ń Gé Owó Ilé Kù ní Orẹ̀gún

Orẹ̀gún fara kọ́ àwọn àdúgbò Ìkẹjà tí owó ilé wọn ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Aláúsá tí í ṣe ibùjókòó ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wà lápá kan rẹ̀, Òpèbí àti Allen Avenue wà lápá kejì, Olúṣòsún àti Ọjọ́ta sì wà lápá ibi tí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn gbà kọjá. Láti 1976 tí Ìkẹjà ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ni ọ́fíìsì, báńkì àti ilé ìtajà ti ń pọ̀ sí i ní agbègbè yìí. Ilé-iṣẹ́ ńláńlá náà wà níbẹ̀: Unilever wà ní Billings Way, nínú Orẹ̀gún gan-an, Cadbury sì wà nítòsí, ní Àgídíngbí. Ẹni tó bá rí ilé háyà ní Orẹ̀gún lè fẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́, nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń bọ̀ láti Ìkòròdú gbọ́dọ̀ ti wà lójú ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ohun tó ń fa àwọn èèyàn wá síbẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí yàrá kan àti pálọ̀ bá wọ́n ní Òpèbí, tí irú rẹ̀ sì dínwó ní òpópónà kan tí kò jìnnà sí i, ohun kan ló gé owó náà kù. Iṣẹ́ ẹni tó ń wá ilé ni láti mọ ohun náà kó tó kówó sílẹ̀, torí ó lè jẹ́ ohun tí èèyàn lè fara mọ́, ó sì lè jẹ́ ohun tó ń pani.

Èyí tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára nínú wọn ni orúkọ. Lẹ́nu ejẹ́ǹtì, Orẹ̀gún kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ Orẹ̀gún. "Ìkẹjà ni," "ẹ̀yìn Allen ni," "ẹ ti fẹ́ẹ̀ dé Òpèbí nìyí," bí owó tó fẹ́ pè bá ṣe pọ̀ tó. Lẹ́yìn orúkọ ni irú ilé. Àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n kọ́ fún òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ṣì wà káàkiri agbègbè náà títí dé Agége, àwọn tí gbogbo ayé ń pè ní fésì-mí-ń-fésì-ẹ: yàrá dojú kọ yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àárín wọn kọjá, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná sì jẹ́ àjùmọ̀lò. Ariwo ọkọ̀ àjàgbé tó ń kẹ́rù wọ ilé-iṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ṣe ìṣọ́ òru, àìsí géètì lẹ́nu àdúgbò, gbogbo wọn ló ń fa owó ilé wálẹ̀. Kò sí èyí tó dùn mọ́ni nínú wọn, àmọ́ kò sí èyí tó ń wó lu èèyàn. Ẹni tó bá lè fara da wọ́n ti jèrè.

Ààtàn Olúṣòsún kò sí lára ìwọ̀nyẹn. Láti nǹkan bí 1992 ni wọ́n ti ń da ìdọ̀tí Èkó síbẹ̀, lórí ilẹ̀ tó tó bí éékà 100. Etí ìlú ni wọ́n ka ibẹ̀ sí nígbà náà. Ìlú ló wá yí i ká. Ní oṣù Kẹta 2018, iná ṣẹ́ yọ lórí ààtàn náà, ó jó ọkọ̀ akólẹ̀ púpọ̀, èéfín rẹ̀ sì bo àdúgbò mọ́lẹ̀ débi pé ìjọba ní láti tì í pa fúngbà díẹ̀. Ìjọba ti kéde pé òun máa kásẹ̀ ibẹ̀ nílẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n ìkéde kì í lé òórùn lọ. Ẹni tó ń wo ilé lápá ibẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọ̀sán ọjọ́ tí oòrùn mú. Kó lọ ní ọjọ́ kejì òjò, kó sì tún lọ lálẹ́, torí bí afẹ́fẹ́ bá ṣe fẹ́ ni òórùn ṣe ń rìn.

Omi inú ilẹ̀ le ju òórùn lọ, torí kò sí imú tó lè gbọ́ ọ. Òjò tó bá rọ̀ sórí òkìtì ìdọ̀tí máa ń ṣàn gba inú rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, ó sì ń kó èérí kẹ́míkà àti irin lọ́wọ́ lọ. Àwọn olùwádìí ti yẹ kànga àti bọọ̀hólù àyíká Olúṣòsún wò lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n sì ti rí àmì irú èérí bẹ́ẹ̀ nínú omi. Omi sísè lè pa kòkòrò àrùn, àmọ́ kò lè yọ irin kúrò. Nítorí náà, bí lánlọ́ọ̀dù bá ń fi bọọ̀hólù rẹ̀ yangàn, ìbéèrè tó kàn ni bóyá wọ́n ti gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò rí. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, omi ìfọṣọ ni, kì í ṣe omi mímu, owó omi mímu sì ti di ara owó ilé nìyẹn.

Ìkún omi náà ní ọ̀nà tó ń gbà. Odò Ìyá Aláró ló ń gba omi òjò Òpèbí, Orẹ̀gún àti àyíká wọn, tó ń gbé e gba ẹ̀gbẹ́ Mẹ́ńdè àti Ògùdù lọ sínú ọ̀sà. Ilẹ̀ tó sún mọ́ irú odò bẹ́ẹ̀, tàbí kánáà ńlá tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀, kì í wọ́n bí ilẹ̀ orí òkè, àwọn kan sì ti kọ́lé sórí ààyè tí òfin ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún omi. Ní 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ wó irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Mẹ́ńdè, lẹ́bàá odò yìí kan náà. Ayálégbé kọ́ ló kọ́lé sójú omi, ṣùgbọ́n bí katakátá bá dé, ẹrù tirẹ̀ ló máa wà níta, owó ọdún kan tó san fún lánlọ́ọ̀dù á sì di ohun tó ń bá a fà lẹ́yìn.

Ilé tí omi ti wọ̀ rí kì í lè fi ara pa mọ́ tán. Kí olùwòlé bojú wo ìsàlẹ̀ ògiri: bí ọ̀dà tuntun bá dúró ní ìwọ̀n orókún, tí òkè ògiri sì ṣì jẹ́ ọ̀dà àtijọ́, ó ní ohun tí wọ́n ń bò. Kó wo ẹnu ọ̀nà bóyá wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí i sókè ju ilẹ̀ yàrá lọ. Kó wo sọ́kẹ́ẹ̀tì iná. Níbi tí omi ti dà wọ́n láàmú, òkè ni wọ́n máa ń gbé e sí. Ìdí fìríìjì àti kọ́bọ́ọ̀dù àwọn aládùúgbò tó ń dógùn-ún náà ń sọ̀rọ̀. Ìyá tó ń din àkàrà lẹ́nu òpópónà á sì sọ ọdún tí omi dé ibi ìdáná rẹ̀ láì gba kọmíṣọ̀n.

Lẹ́yìn ilẹ̀ ni ilé fúnra rẹ̀. Kì í ṣe etí ìlú nìkan ni ilé ti ń wó: ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ ní Gerrard Road ní Ìkòyí, àdúgbò olówó, wó ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 2021, ó sì pa èèyàn tó lé ní 40. Ohun tó yẹ kó kọ ayálégbé lóminú jù ní Orẹ̀gún ni ilé alájà kan tí wọ́n wá gbé àjà méjì mìíràn lé lórí nígbà tí owó ilé lọ sókè, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti ìgbà tí wọ́n ní ilé alájà kan lọ́kàn. Àwọ̀ búlọ́ọ̀kù tó yàtọ̀ láàrin ìsàlẹ̀ àti òkè máa ń tú àṣírí èyí. Bí ògiri bá là fẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ló sábà máa ń jẹ́. Èyí tó là ní ìdábùú láti igun fèrèsé dé ilẹ̀, tí ìka lè wọ̀, tàbí òpó tí kọnkéré rẹ̀ ti ṣí tí irin rẹ̀ sì ti dípẹtà, kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó. Àjọ LASBCA ló ń mójú tó ilé kíkọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ilé ìyẹ̀wò ohun èlò ìkọ́lé ti ìjọba sì lè fi ẹ̀rọ wo agbára òpó láì fọ́ ọ. Ilé tí LASBCA bá ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí lára ògiri, kí èèyàn má tẹ̀lé àlàyé ejẹ́ǹtì wọ inú rẹ̀. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í wò, ìyẹn irin ojú fèrèsé. Ó ń dá olè dúró lóòótọ́, àmọ́ bí gbogbo fèrèsé bá ní i láìsí ìkankan tó ṣeé ṣí láti inú, tí jẹnẹrétọ̀ sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí í ṣe ọ̀nà àbájáde kan ṣoṣo, ọjọ́ tí iná bá ṣẹ́ yọ ni wọ́n máa mọ ohun tí wọ́n háyà.

Owó tí wọ́n kọ́kọ́ pè kọ́ ni owó tí wọ́n máa gbà. Ká ní ilé jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà lọ́dún. Ejẹ́ǹtì á gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún kọmíṣọ̀n, ìdá mẹ́wàá mìíràn á lọ fún àgírímẹ́ǹtì, lánlọ́ọ̀dù á sì béèrè iye bẹ́ẹ̀ fún owó ìtúnṣe tí wọ́n ń pè ní kọ́ṣọ̀n. Ó ti di ₦1,300,000 kí kọ́kọ́rọ́ tó dọ́wọ́. Àbá òfin tuntun tó dé iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ní 2025 fẹ́ kí owó ejẹ́ǹtì má ju ìdá márùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n ejẹ́ǹtì tó ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn mẹ́fà lórí yàrá kan, àbá òfin kan kò kàn án. Ọ̀nà láti bọ́ lọ́wọ́ irú wọn ni kí èèyàn bá onílé fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó bi àwọn tó ń gbé inú ọgbà ẹni tí wọ́n ń sanwó fún, kó sì wò bóyá ejẹ́ǹtì náà forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ LASRERA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó òwò ilé àti ilẹ̀. Kí owó gba báńkì lọ, kó má gba ọwọ́.

Iná náà ní owó tirẹ̀. Láti oṣù Kẹrin 2024 ni owó iná Band A, tí wọ́n ṣèlérí pé kò ní dín ní wákàtí 20 lóòjọ́, ti fò sókè ju ti àwọn yòókù lọ, òpópónà méjì tó tẹ̀ léra sì lè má sí ní Band kan náà. Kí ayálégbé rí mítà yàrá náà pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, kó sì mọ̀ bóyá gbèsè ẹni tó kó jáde ṣì wà lórí rẹ̀.

Lọ́dọ̀ òfin, Orẹ̀gún sàn ju àwọn àdúgbò olówó kan lọ, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì mọ̀ ni. Òfin ilé háyà ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 yọ àdúgbò mẹ́rin sílẹ̀: Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà. Orẹ̀gún kò sí lára wọn, nítorí náà òfin náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ní lánlọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Bákan náà, kò gbọdọ̀ gba ju owó oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ ẹni tó ti ń gbé ibẹ̀ tó ń san oṣù-oṣù. Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ó ní lánlọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ já rìsíìtì, àti pé bí ó bá gba kọ́ṣọ̀n tàbí owó iṣẹ́ inú ọgbà, rìsíìtì tirẹ̀ gbọ́dọ̀ dá wà.  

Ẹni tó ń sanwó ọdún-ọdún ní ẹ̀tọ́ sí nótíìsì oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó lè ní kó kó jáde, ẹni tó ń san oṣù-oṣù sì ní ẹ̀tọ́ sí oṣù kan. Lẹ́yìn náà ni nótíìsì ọjọ́ méje, kí lánlọ́ọ̀dù tó gba ilé ẹjọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí àgírímẹ́ǹtì kò bá ti dá iye nótíìsì ni ìwọ̀n yìí ti ń ṣiṣẹ́. Bí àgírímẹ́ǹtì tí ayálégbé fọwọ́ sí láì kà bá ní oṣù kan, oṣù kan náà nìyẹn. Ojú ewé tí ìlà yìí wà ló yẹ kó kà lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú gbogbo èyí tó kù. Lánlọ́ọ̀dù tó bá ká páànù ilé tàbí tó kó ẹrù ayálégbé síta láìsí àṣẹ ilé ẹjọ́ ti rú òfin. Bí ìjà bá dé, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀ ń là á láì gba kọ́bọ̀.

Bí Orẹ̀gún bá ti wá wọ́n jù, Agége àti Ìjù ló kàn. Ọkọ̀ ojú irin Red Line tí wọ́n ṣí ní oṣù Kejì 2024, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ń rìn láti Agbádó gba Ìjù àti Agége wá sí Ìkẹjà, ó sì ń lọ dé Òyìngbò. Ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Ìkẹjà kò sí ní Orẹ̀gún, èrò ṣì máa wọ bọ́ọ̀sì kó tó dé Aláúsá tàbí Billings Way. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 2022 ni ìjọba sì ti fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹjà. Nítorí náà, owó ọkọ̀ ọdún kan, àlọ àti àbọ̀, ni kí ẹni tó ń gbé ilé Agége àti ti Orẹ̀gún yẹ̀ wò fi kún owó ilé kó tó mọ èyí tó dínwó, kó sì ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ọ̀nà láti ibi tí bọ́ọ̀sì ń já èrò sí dé ẹnu géètì, lálẹ́, lẹ́yìn òjò.