Bí Ẹ̀kọ́ Họ́kì Ọmọdé Ṣe Di Ohun Tí Òbí Ń Yàn

Họ́kì orí yìnyín ni eré tí àwọn òṣèré ti ń wọ bàtà onírin sáré lórí omi dídì, tí wọ́n ń fi igi gbá rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ sínú àwọ̀n. Montreal ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbá a lábẹ́ òrùlé níwájú èrò, ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹta, ọdún 1875. Ní Èrìò, Àrámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n, ọyẹ́ a máa mú lórí òkè, ṣùgbọ́n omi kì í dì nílẹ̀. Họ́kì orí pápá ni wọ́n mọ̀ nílé. Ìdílé tó bá kó láti ibẹ̀ lọ sí Kánádà kì í sábà ronú kan ti orí yìnyín, àfi ọjọ́ tí ọmọ bá ti ilé ìwé dé tó ní òun náà fẹ́ gbá a.

Fún ìgbà pípẹ́ ní Kánádà, baba ọmọ ni olùkọ́. Á da omi sí ẹ̀yìnkùlé nígbà òtútù, ó di yìnyín, ọmọ á sì máa ṣubú, á máa dìde níbẹ̀. Ọmọ tí baba rẹ̀ kò mọ eré náà kò rí ibi bẹ̀rẹ̀, owó irinṣẹ́ sì tún jẹ́ ìdènà kejì. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Akim Aliu, tí wọ́n bí ní Òkene lọ́dún 1989. Ọmọ Nàìjíríà ni baba rẹ̀, ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ukraine. Kiev ló ti lo ìgbà èwe kí wọ́n tó kó lọ sí Toronto. Bàtà onírin tòkunbọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ jìnnà. Síbẹ̀, Chicago Blackhawks yàn án ní 2007, ó sì gbá NHL, líìgì họ́kì tó ga jù, fún Calgary Flames ní 2012. Ẹni tó bá ní ọmọ ọdún mẹ́jọ ti pẹ́ jù ń dẹ́rù ba òbí lásán ni.

Ní 2013, Hockey Canada, àjọ tó ń darí eré náà ní Kánádà, àti Bauer, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irinṣẹ́ họ́kì, dá ètò First Shift sílẹ̀ fún ọmọ ọdún 6 sí 10 tí kò gbá họ́kì rí. Owó kan ṣoṣo ni òbí ń san, ọmọ á gba irinṣẹ́ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, á sì kẹ́kọ̀ọ́ nígbà mẹ́fà. Ní 2017, Hockey Canada tún pàṣẹ pé kí àwọn tó kéré jù má ṣe lo gbogbo pápá mọ́. Ẹsẹ̀ bàtà 200 ni gígùn pápá àgbà, ọmọ ọdún márùn-ún lè sáré títí kó má fọwọ́ kan rọ́bà. Wọ́n gé pápá kúrú, wọ́n sì fún wọn ní rọ́bà aláwọ̀ búlúù tí ó fúyẹ́ ju ti àgbà lọ.

Nítorí náà, ibi tí ọmọ kò ti ní máa tò dúró ni kí òbí wá. Ẹ̀kọ́ yíyọ̀ lórí yìnyín ló yẹ kó ṣáájú igi. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú: kó rọ eékún, kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kó kúnlẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, kó tó dìde. Akoto tó ní ààbò ojú kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣe àfojúdi. Ti bàtà ni àwọn òbí wa ti ń ṣì í jù. Ọ̀pọ̀ ló ń ra èyí tó tóbi kí ọmọ lè wọ̀ ọ́ di ọdún tó ń bọ̀. Bàtà onírin tó bá ṣò lẹ́sẹ̀ á jẹ́ kí ọrùn ẹsẹ̀ máa yẹ̀, ọmọ kò sì ní lè dúró. Gìgísẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó pinpin, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kàn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iwájú.

Ọ̀rọ̀ ààbò ọmọ lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ àti nínú yàrá ìmúra ló kù, òun ló sì wúwo jù. Ní 2005, ọmọ ọdún 16 ni Aliu nígbà tó kọ ìfìyàjẹni tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀, Windsor Spitfires, fi ń gba ọmọ tuntun wọlé. Ọ̀kan nínú wọn fi igi gbá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ sì kán. Ní oṣù Kẹfà 2020, òun àti Evander Kane, òṣèré NHL, ṣíwájú àwọn tó dá Hockey Diversity Alliance sílẹ̀ láti gbógun ti ìkórìíra ẹ̀yà nínú eré náà, kí ó sì rọrùn fún ọmọ tálákà láti wọlé. Lónìí, ìlànà Hockey Canada ni pé àgbàlagbà méjì tí wọ́n ti yẹ̀ wò gbọ́dọ̀ máa mójú tó àwọn ọmọ nínú yàrá ìmúra. Kí òbí bi ẹgbẹ́ léèrè orúkọ àwọn méjèèjì kó tó san kọ́bọ̀. Ẹgbẹ́ tí kò bá rí orúkọ dá, kó gbé ọmọ rẹ̀ lọ síbòmíràn.