Owó Ìjọba Àti Ààbò Àwọn Tí Wọ́n Ń Lù Nínú Ilé

A máa ń sọ níbí pé ìlera ilé kò mọ sórí ilẹ̀ gbígbá àti ọwọ́ fífọ̀. Bí ìyàwó tí ọkọ lù bá dé ilé ìwòsàn, ó lè ní òun ṣubú ní balùwẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì tí ó gba ẹ̀kọ́ yóò bi í léèrè ní ìkọ̀kọ̀, yóò kọ ọgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì júwe ibi ààbò fún un. Ẹni tí kò gba ẹ̀kọ́ yóò kàn di ọgbẹ́ náà, yóò ní kó máa lọ sílé.

Owó ló ń fa ìyàtọ̀ yìí. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tó tako ìwà ipá nínú ilé ní 2007, ó sì fi òfin dá àjọ ìjọba sílẹ̀ fún un ní 2021. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kì í gba ìyá àti ọmọ sílé lóru. Ilé ààbò, oúnjẹ, àti ẹ̀kọ́ fún nọ́ọ̀sì àti ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ ní owó tiwọn nínú ètò ìṣúná lọ́dọọdún.

Ànọ́bì wa (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kò na ìyàwó rẹ̀ rí. A ń bẹ jámọ́ọ̀ wa kọ̀ọ̀kan kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ aṣòfin àdúgbò wọn: èló lẹ yà sọ́tọ̀ fún èyí lọ́dún yìí? Kí Ọlọ́hun fi àlàáfíà sínú ilé wa. Àmín.