Ìbọn Tí Kò Ní Ọta: Kí Ni Àwọn Ọmọ Wa Ń Pè Ní Laser Tag?

 

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàrin wa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Àwọn ọmọ wa ò fẹ́ kí á fi ráìsì àti kéèkì nìkan ṣe ọjọ́ ìbí mọ́. Wọ́n ní laser tag làwọn ń fẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ náà ń dá owó jọ láti lọ ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá wá rí fọ́tò, tó rí ọmọ rẹ̀ tó gbé ìbọn dání bí ṣọ́jà, àyà á já. Ó yẹ ká mọ ohun tí à ń náwó lé lórí, ká tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

KÍ LÓ Ń JẸ́ BẸ́Ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: bojúbojú àti "police and thief" tí àwa náà ṣe ní kékeré ni, bátìrì ni wọ́n fi kún un. Wọ́n á pín àwọn eléré sí ọ̀nà méjì, bóyá pupa àti búlúù. Kálukú á gba ìbọn kan, á de bẹ́líìtì mọ́ orí tàbí kó wọ ẹ̀wù kan sí àyà. Ní pápá gbangba, wọ́n á to dúrọ́ọ̀mù òfìfo, táyà àti pákó kalẹ̀ kí àwọn eléré lè rí ibi sá pamọ́ sí. Ẹni tí ìbọn bá bá, ẹ̀wù rẹ̀ á dún, á tàn yòò, olúwa rẹ̀ á sì jáde fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà mìíràn, ẹgbẹ́ kan ní láti já àsíá ẹgbẹ́ kejì gbà. Nígbà mìíràn, wọ́n á yan ẹnì kan bí ọba, wọ́n á ní kí àwọn yòókù dáàbò bò ó. Èyí tí wọ́n ń pè ní "tactical" ni ti ọlọ́gbọ́n ogun: ìbọn rẹ̀ jọ ti ṣọ́jà gidi, ọta inú rẹ̀ níye, bó bá tán, ọmọ á tẹ bọ́tìnì kó tó lè yìn ín mọ́. Kò ṣeé dá ṣe. Ẹni tó bá ń dá sáré kiri láìgbọ́ ti ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú. (Ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n máa wí pé "mo ti jáde", kí wọ́n má wí pé "mo ti kú". Ẹnu ló ń ṣépè.)

BÁWO LÓ ṢE Ń ṢIṢẸ́?

Láásà ni wọ́n ń pè é, àmọ́ kì í ṣe láásà ló wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Irú ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú rimótì tẹlifíṣọ̀n ni. Ṣé ẹ rí i, bí ẹ bá tẹ rimótì, ojú yín ò rí nǹkan kan tó jáde, síbẹ̀ tẹlifíṣọ̀n á gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìbọn kọ̀ọ̀kan ń fi nọ́ńbà tirẹ̀ ránṣẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀ náà, ojú dúdú kékeré tó wà lára ẹ̀wù á kà á, á sì mọ ẹni tó yìnbọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè ka máàkì fún kálukú nígbà tí eré bá parí, láìsí àríyànjiyàn.

Oòrùn náà ní irú ìmọ́lẹ̀ yìí nínú, ó sì pọ̀. Nítorí náà, bí oòrùn bá mú gan-an, ìbọn lè má dé ọ̀nà jíjìn bó ti yẹ. Ìrọ̀lẹ́ ló dára jù fún un, ó sì sàn fún ara ọmọ pẹ̀lú.

NÍBO LÓ TI WÁ?

Ọ̀dọ̀ àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà ni ọgbọ́n náà ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1980. Wọ́n so láásà mọ́ ìbọn wọn kí wọ́n lè máa kọ́ ogun láìpa ara wọn. Lọ́dún 1984, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Carter ṣí ilé eré Photon sí ìlú Dallas, ní Texas, níbi tí ará ìlú ti lè sanwó ṣe é. Lọ́dún 1986, ilé iṣẹ́ Worlds of Wonder gbé tirẹ̀ jáde fún àwọn ọmọdé. Láti ibẹ̀ ló ti tàn káyé, tó fi dé Èkó.

Ẹ má ṣì í pè ní paintball. Ti paintball, tó bẹ̀rẹ̀ ní New Hampshire lọ́dún 1981, hóró ọ̀dà ni wọ́n ń yìn lu ara wọn. Ó ń dunni, ó sì lè fọ́ ojú ẹni tí kò bá wọ awò. Ní ti laser tag, kò sí ohun tó ń ba ara.

ṢÉ KÒ NÍ BA OJÚ JẸ́?

Ìmọ́lẹ̀ bíi ti rimótì kì í fọ́jú. Èyí tó yẹ ká bẹ̀rù ni tọ́ọ̀ṣì láásà kékeré, elérò pupa tàbí àwọ̀ ewé, tí wọ́n ń tà káàkiri bí ohun ìṣeré. Láti ọdún 1998 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kìlọ̀ pé kì í ṣe nǹkan tí ọmọdé ń fi ṣeré. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ohun ìṣeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á fún ọmọ.

IBI TÍ EWU WÀ GAN-AN

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ìbọn náà jọ ìbọn. Ní oṣù April 1987, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 kan ń fi ìbọn láásà ṣeré lálẹ́ ní Rancho Cucamonga, ní California. Agbófinró rò pé ìbọn gidi ni, ó sì yìnbọn pa á. Ní November 2014, ọlọ́pàá yìnbọn pa ọmọ ọdún 12 kan ní ìlú Cleveland nítorí ìbọn ìṣeré tó mú dání. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, kí la ó wá sọ nípa Àgbàdo wa yìí, tó wà lẹ́nu ààlà Èkó àti Ògùn, tí ọlọ́pàá, So-Safe àti ọlọ́dẹ àdúgbò jọ ń ṣọ́? Ẹni tí olè ti jà rí kì í dúró bi ọmọ léèrè bóyá bátìrì ló wà nínú ìbọn.

Nítorí náà:

1. Inú pápá tó ní ọgbà ni kí wọ́n ti ṣeré. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ojú títì tàbí ẹ̀gbẹ́ rélùwéè.

2. Bí wọ́n bá máa gbé e wá sí àdúgbò, ẹ kọ́kọ́ sọ fún DPO, baálẹ̀ àti àwọn ọlọ́dẹ, kó tó di ọjọ́ náà.

3. Olówó eré ni kó kó ìbọn rẹ̀ wá, kó sì kó o lọ. Kí ọmọ kankan má gbé e sínú kórópe, tàbí wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line tó ń ná Àgbàdo sí Òyìngbò láti October 2024.

4. Ẹ yan ìbọn aláwọ̀ títàn, bí èyí tó ní àwọ̀ ọsàn, ju dúdú bíi ti ṣọ́jà lọ.

KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

Ẹ bèèrè bóyá orí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà ni, àbí wákàtí. Ìbọn mélòó ló ń ṣiṣẹ́? Ta ni rẹ́fírì? Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n á dá owó padà? Ẹ gba ìwé rìsíìtì.

Ẹ wo ilẹ̀ pápá fúnra yín: ìgò fífọ́, ìṣó, kòtò. Ìṣubú ló ń ṣe ọmọ léṣe jù níbi eré yìí. Kí gbogbo wọn wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Kí wọ́n fi sípírítì nu bẹ́líìtì orí kí ọmọ mìíràn tó lò ó, nítorí làpálàpá. Ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde tàbí ásímà, ẹ sọ fún rẹ́fírì. Kó máa mu omi, kó máa sinmi, kí oògùn rẹ̀ sì wà nítòsí.

Ká má parọ́, eré náà dára. Ó ń gbé ọmọ kúrò nídìí fóònù, ó ń kọ́ wọn láti gbọ́ ti ara wọn. Kí á ṣáà ti rí i pé bí wọ́n ṣe lọ ni wọ́n ṣe bọ̀. Èrè ọmọ la ó jẹ o. Àṣẹ.