Oògùn àti Ẹ̀rọ fún Ọwọ́ tí Rọpárọsẹ̀ Mú



Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan wá bá mi ní dìsípẹ́ńsárì wa ní Ìgànná. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí rọpárọsẹ̀, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní sítróòkì, ti mú ọkọ rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ẹsẹ̀ ti ń gbé wọn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò tíì lè mú ṣíbí. Ọmọ wọn wá pè láti Èkó pé oògùn kan wà tí ń jí ọwọ́, àti ẹ̀rọ tí ń rán iná sínú ọpọlọ. Ó ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ṣé kí n ta gbogbo èlùbọ́ tó wà nílé kí a lè rà á?" Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró ná.

Kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí àìsàn náà gbé wà. Ọwọ́ kọ́ ló ń ṣàìsàn, ọpọlọ ni. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá rí ọ̀nà dé apá kan ọpọlọ, tàbí tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́ nínú rẹ̀, apá náà a kú. Apá òsì ọpọlọ ló sì ń pàṣẹ fún ọwọ́ ọ̀tún. Èyí tó ti kú kò ní jí mọ́, ṣùgbọ́n apá tó ṣẹ́kù lè kọ́ díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, bí ọmọdé tí ń kọ́ òfì híhun ní Ìṣẹ́yìn: kò sí ẹni tó fi ojú wíwò mọ̀ ọ́n. Yóò hun, yóò bàjẹ́, yóò tú u, yóò tún un hun.

Àwọn dókítà wá ronú pé bóyá oògùn lè jẹ́ kí ọpọlọ tètè gba ẹ̀kọ́ yìí. Èyí tó lókìkí jù ni fluoxetine, tí a ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ní 2011, wọ́n dán an wò lára ènìyàn 118 ní ilẹ̀ Faransé, apá àti ẹsẹ̀ àwọn tó lò ó sì sunwọ̀n ju ti àwọn yòókù lọ. Òkìkí yẹn ni ọmọ obìnrin yìí gbọ́. Ohun tí kò gbọ́ ni pé ní 2018, wọ́n ròyìn ìdánwò mìíràn ní Ìlú Ọba, lára ènìyàn tó lé ní 3,000, fún oṣù mẹ́fà gbáko: kò sí ìyàtọ̀ nínú ohun tí wọ́n lè fi ara wọn ṣe. Ó dín ìrẹ̀wẹ̀sì kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n eegun àwọn tó lò ó ń ṣẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ. Levodopa, oògùn àrùn Parkinson, náà kùnà lára ènìyàn 593 níbẹ̀ ní 2019. Nítorí náà, ẹ má rà wọ́n nítorí ọwọ́. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá fún ẹni yín ní fluoxetine nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì, ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Ti ẹ̀rọ ńkọ́? Ọ̀kan ń fi agbára òòfà ta ọpọlọ jí láti òde agbárí. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2018 pín àwọn aláìsàn sí ẹgbẹ́ méjì: ọ̀kan gba òòfà gidi, èkejì gba ti ẹ̀tàn, gbogbo wọn sì ń fi ọwọ́ náà ṣe ìdárayá. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ọwọ́ wọn sunwọ̀n sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ẹ̀rọ mìíràn wà tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ gbé sí abẹ́ awọ àyà, tí okùn rẹ̀ dé iṣan kan lọ́rùn. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2021. Òun ṣe àǹfààní, àmọ́ ìgbà tí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́ gan-an ni wọ́n ń tẹ bọ́tìnì rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì so bátìrì mọ́ orí baba rẹ̀ nílé o!

Mo bi obìnrin náà pé, "Ta ní ń bọ́ bàbá?" Ó ní òun ni. Ta ní ń wọ aṣọ fún wọn? Àwọn ọmọ. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ojú sì ń ti bàbá láti fi ọwọ́ tí ń gbọ̀n jẹun níwájú àlejò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a kò lò, ọpọlọ a gbàgbé rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde ní 2006 lo ènìyàn 222 tí ọwọ́ wọn ṣì lè yí díẹ̀. Wọ́n fi ìbọ̀wọ́ dá ọwọ́ tó dá ṣáṣá dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí èyí tó rọ lè ṣiṣẹ́, àǹfààní rẹ̀ sì wà títí di ọdún kan. Ẹ má dán ìyẹn wò láìrí òṣìṣẹ́ fisiotẹ́rápì. Wọ́n wà ní UCH ní Ìbàdàn. Nílé, ẹ jẹ́ kí ó máa ṣa ẹ̀wà láti inú abọ́ kan sí òmíràn, kí ó gbé ife, kí ó de bọ́tìnì, kí ó ká aṣọ, nígbà púpọ̀ lóòjọ́, kí ó sì sinmi bí ó bá rẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi apá tó rọ fà á dìde. Èjìká rẹ̀ lè yẹ̀.

Mo ní kí ó mú bàbá wá. Ìfúnpá wọn ga. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti tán láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ń tọ́jú owó de ẹ̀rọ! Bẹ́ẹ̀ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà, tó jáde ní 2018, fi hàn lára aláìsàn tó lé ní 2,000 pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú gbogbo ohun tí ń fa rọpárọsẹ̀. Ẹni tó ti mú lẹ́ẹ̀kan, ó tún lè mú un. Mo ní kí obìnrin náà ta díẹ̀ nínú èlùbọ́ náà, kí ó fi ra oògùn yẹn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sì fi ìyókù owó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn.