Sìkútà oníbátìrì ní Ìlú Ọba: Ohun tí òfin wí fún oníṣòwò tó ń fi í ránṣẹ́

Ẹni tó bá dúró ní Rye Lane, ní àdúgbò Peckham tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí ní Lọ́ńdọ̀nù, kò ní í pẹ́ kó tó rí ọ̀dọ́kùnrin kan tó dúró lórí pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ onítáyà méjì, tó di irin ọwọ́ rẹ̀ mú, tó gbé báàgì oúnjẹ kọ́ ẹ̀yìn, tó sì ń sáré kọjá láàárín èrò bí ẹni tí wọ́n ń lé. Sìkútà oníbátìrì nìyẹn. Kì í ṣe Vespa tí àwọn àgbà ń jókòó gùn láyé ọjọ́un o, ìdúró ni wọ́n ń gun eléyìí. Owó rẹ̀ kò tó ti mọ́tò rárá, kì í mu epo, èèyàn sì lè ká a pọ̀ kó gbé e wọlé. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ta oúnjẹ, àwọn tó ń ta aṣọ àti àwọn tó ń fi ọjà ránṣẹ́ sílé oníbàárà fi fẹ́ràn rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé, lójú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan ìṣeré kọ́ ni. Òfin ìrìnnà ojú pópó tí wọ́n ṣe lọ́dún 1988 kà á sí ọkọ̀ tó ń fi ẹ́ńjìnnì rìn, gẹ́gẹ́ bó ṣe ka mọ́tò àti alùpùpù sí. Ohunkóhun tó bá sì ti jẹ́ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì àti nọ́ńbà, ẹni tó ń wà á sì gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dì mọ́ra nìyí: sìkútà tí èèyàn rà fúnra rẹ̀ kò lè rí gbogbo nǹkan wọ̀nyí gbà, nítorí wọn kò ṣe é ní ìbámu pẹ̀lú ohun tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú títì. Ẹni tó bá wà á lójú títì ti rú òfin, bó tilẹ̀ rọra wà á. Ojú ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ ológeere kò gbà á, bẹ́ẹ̀ ni ọgbà ìtura ìjọba kò gbà á. Ibi kan ṣoṣo tó kù ni orí ilẹ̀ aládàáni, ìyẹn bí onílẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Síbẹ̀, kò sí òfin tó ní kí wọ́n má tà á. Èyí ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn lójú rú, wọ́n rò pé ohun tí wọ́n bá rà ní ṣọ́ọ̀bù tó sì ní rìsíìtì, wọ́n lè lò ó níbi tó bá wù wọ́n.

Ti ẹ̀gbẹ́ títì tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà tún wá yàtọ̀. Òfin tó kan ìyẹn ti pẹ́ ju mọ́tò fúnra rẹ̀ lọ. Ọdún 1835 ni wọ́n ṣe é, nígbà tí Ìbàdàn ṣì jẹ́ ibùdó àwọn jagunjagun. Ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹrù ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà náà, àmọ́ òfin náà kò tíì kú. Lọ́dún 2011, ilé-ẹjọ́ gíga gbọ́ ẹjọ́ ọkùnrin kan láti ìlú Barnsley tó gun Segway, ẹ̀rọ oníbátìrì mìíràn tí wọ́n máa ń dúró gùn, lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ilé-ẹjọ́ sọ pé òfin ọdún 1835 yẹn mú un dáadáa. Owó ìtanràn tí ọlọ́pàá lè já fún ẹni tó bá gun sìkútà lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ jẹ́ 50 pọ́ùn. Ìyẹn kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó kù.

Èyí tó kù ni ti ìnṣọ́ránsì. Bí ọlọ́pàá bá mú èèyàn pé ó wa ọkọ̀ láìní ìnṣọ́ránsì, yóò san 300 pọ́ùn, wọn yóò sì kọ pọ́ìǹtì mẹ́fà sí láísẹ́ǹsì rẹ̀. Bó bá dé kóòtù, owó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì lè ní kó má wa ọkọ̀ mọ́ fún ìgbà kan. Wọ́n tún láṣẹ láti gba sìkútà náà lójú ẹsẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ gbà á padà gbọ́dọ̀ mú ìwé ìnṣọ́ránsì wá, ìwé tí kò lè rí. Ẹni tí kò tíì ní láísẹ́ǹsì kò bọ́ níbẹ̀: wọn yóò kọ pọ́ìǹtì náà sílẹ̀ dè é. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba tiẹ̀ tí kò tíì pé ọdún méjì ló wá wà nínú ewu jù, nítorí pọ́ìǹtì mẹ́fà ti tó láti gba láísẹ́ǹsì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò padà di ẹni tó ń kọ́ mọ́tò, yóò sì tún gbogbo ìdánwò rẹ̀ ṣe. Fún ọmọ tó ń fi mọ́tò ṣe iṣẹ́ alẹ́, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá mutí yó wa sìkútà pẹ̀lú, ẹjọ́ awakọ̀ tó mutí ni wọn yóò bá a ṣe.

Àmọ́ ibi tó yẹ kí àwọn oníṣòwò ti tẹ́tí jù lọ nìyí. Ká ní Ìyá Bíọ́lá ń se ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín tà ní Peckham. Ó ra sìkútà kan, ó gbé e fún ọmọ àbúrò rẹ̀ pé kó máa fi gbé oúnjẹ lọ fún àwọn oníbàárà. Ọlọ́pàá dá ọmọ náà dúró, ó ní, “Àǹtí ló rán mi.” Ìyá Bíọ́lá lè rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun, òun kọ́ ló wà á. Ó kàn án. Òfin ọdún 1988 kò fi mọ sọ́dọ̀ ẹni tó wa ọkọ̀ nìkan, ó tún mú ẹni tó rán ènìyàn pé kó wà á tàbí ẹni tó gbà á láyè láti wà á nígbà tí kò sí ìnṣọ́ránsì. Pọ́ìǹtì mẹ́fà, ó kéré tán, lè balẹ̀ sórí láísẹ́ǹsì Ìyá Bíọ́lá fúnra rẹ̀, kó sì tún sanwó. Bó bá sọ pé òun kò mọ̀ pé sìkútà ń fẹ́ ìnṣọ́ránsì, kò yọ ọ́.

Ohun tó tún le níbẹ̀ ni pé òfin fún òṣìṣẹ́ ní ọ̀nà àbáyọ kan tí kò fún ọ̀gá. Bí òṣìṣẹ́ bá lè fi hàn pé ọkọ̀ náà kì í ṣe tòun, pé òun kò yá a, pé iṣẹ́ ọ̀gá òun lòun ń fi ṣe, pé òun kò sì mọ̀ tàbí ní ìdí láti fura pé kò ní ìnṣọ́ránsì, wọ́n lè dá a sílẹ̀. Ẹ̀bi á wá kù sọ́rùn ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù.

Sìkútà kan wà tó bófin mu, èyí tí wọ́n ń háyà. Láti oṣù keje ọdún 2020 ni ìjọba ti gbà kí àwọn ìlú kan ní England dán an wò, Lọ́ńdọ̀nù sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Wọn kò ṣe irú rẹ̀ ní Scotland. Ilé-iṣẹ́ tó ń fi sìkútà náà háyà ló ń pèsè ìnṣọ́ránsì rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wà á gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì ilẹ̀ náà, ì báà jẹ́ ti ẹni tó ṣì ń kọ́ mọ́tò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé lè lo láísẹ́ǹsì tó gbà nílé bó bá ṣì wúlò, bó bá jẹ́ ojúlówó láísẹ́ǹsì awakọ̀, àmọ́ oṣù méjìlá péré ni, láti ọjọ́ tó wọ ìlú. Lẹ́yìn ìyẹn, kó lọ gba tibẹ̀. Sìkútà háyà yìí lè gba ojú títì, ó lè gba ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ológeere, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gun ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ènìyàn méjì kò sì gbọ́dọ̀ gùn ún pọ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ máa fi ọjà ránṣẹ́ lójoojúmọ́, kẹ̀kẹ́ ológeere oníbátìrì ló dára jù. Òfin kò ka ìyẹn sí mọ́tò rárá, bó bá ti pé ìlànà. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ tí èèyàn ń fi wà á, agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju wáàtì 250 lọ, ẹ́ńjìnnì náà sì gbọ́dọ̀ jáwọ́ bí eré rẹ̀ bá ti dé máìlì 15 àti ààbọ̀ ní wákàtí kan. Ọmọ ọdún 14 sókè lè gùn ún láìní láísẹ́ǹsì, láìní nọ́ńbà, láìní ìnṣọ́ránsì. Òótọ́ ni pé owó rẹ̀ sábà máa ń ju ti sìkútà lọ, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan tí ọlọ́pàá bá gba sìkútà, èrè tí oníṣòwò rò pé òun jẹ ti lọ. Kí olúwa rẹ̀ kàn ṣọ́ra fún àwọn tó ń so ẹ́ńjìnnì ńlá mọ́ kẹ̀kẹ́ lásán kó lè sáré bí ọ̀kadà. Bí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti kúrò ní kẹ̀kẹ́, gbogbo ẹjọ́ tí wọ́n ń bá sìkútà ṣe ni wọn yóò bá a ṣe.

Ọ̀rọ̀ bátìrì náà kò ṣe é fojú fò. Lẹ́yìn tí sìkútà kan gbiná nínú ọkọ̀ ojú irin ní Parsons Green ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, àwọn aláṣẹ ìrìnnà Lọ́ńdọ̀nù fòfin dè é ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá ọdún náà pé kí ẹnikẹ́ni má gbé sìkútà tirẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin tàbí bọ́ọ̀sì wọn mọ́. Láti ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2025, wọ́n tún fi kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tí kò ṣe é ká kún un nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ ojú irin wọn. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ tí àwọn ayálégbé ń gbé lókè rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa ṣájì bátìrì sí ẹnu ọ̀nà tí wọn yóò gbà sá jáde, kò sì gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ lórí iná mọ́jú. Ṣájà tó bá a wá ni kó lò, kì í ṣe èyí tó bá ṣáà ti wọ ihò rẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, ìjọba kéde pé òun yóò ṣe òfin tuntun tí yóò ya irú ọkọ̀ kéékèèké wọ̀nyí sọ́tọ̀ kúrò lára mọ́tò. Ìpàdé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ọdún náà parí láìgbé òfin náà wá síwájú wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ra sìkútà nígbà náà nítorí wọ́n gbọ́ pé òfin ń bọ̀, sìkútà ọ̀hún sì wà nínú ilé wọn láìrí ojú títì gbé e lọ.