Nígbà tí Ara Bá Ń Rù Láìnídìí: Ohun tí Ó Lè Fà Á àti Bí Dókítà Ṣe Ń Wádìí Rẹ̀

Àwọn kókó pàtàkì

• Bí ìwọ̀n ara àgbàlagbà bá dín kù ní ìdá 5 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín oṣù 6 sí 12, tí kì í sì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀ dín in kù, ó yẹ kí ó rí òṣìṣẹ́ ìlera.
• Kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo ló ń fa rírù. Púpọ̀ nínú àwọn ohun tí ó ń fà á ni ó ní ìtọ́jú.
• A kò lè fi ojú lásán mọ ohun tí ó fà á. Àyẹ̀wò ló ń fi í hàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin kan tí ó ń ta aṣọ lọ́jà ṣe àpẹẹrẹ. Láàárín oṣù 5, ìró tí ó máa ń fún un dáadáa bẹ̀rẹ̀ sí í tú ní ìdí rẹ̀, òrùka rẹ̀ sì ń bọ́ sínú omi ìfọṣọ. Kò gbààwẹ̀, kò sì dín oúnjẹ kù. Àwọn kan ní ìrònú ni, àwọn kan ní ayé ló ń bá a jà, àwọn mìíràn sì ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé “àrùn yẹn” ni. Ìtìjú ọ̀rọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, títí ó fi di pé òùngbẹ kò jẹ́ kí ó sinmi lọ́sàn-án, tí ìtọ̀ kò sì jẹ́ kí ó sùn lóru. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, àtọ̀gbẹ ni wọ́n rí. Oṣù tí ó fi ń sá fún ẹnu ayé ni àìsàn náà fi ń gbilẹ̀.

Ìgbà wo ni rírù di ohun àníyàn?

Ààwẹ̀, iṣẹ́ àṣekára àti ọ̀wọ́n oúnjẹ lè mú kí ara fúyẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wọn kílò 70, tí ó wá di 66 láàárín oṣù 6 láìmọ ìdí, ti kọjá ààlà. Níbi tí kò bá sí òṣùwọ̀n, ẹ wo ìgbànú, aṣọ àti àwòrán àtijọ́. Ti ọmọdé yàtọ̀: ọmọ tí ó ń rù, tàbí tí kò wúwo sí i mọ́, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Kí ni ó lè fà á?

Ọ̀nà 3 ni ara ń gbà rù.

Èkíní, oúnjẹ lè má wọlé tó. Egbò ẹnu, eyín dídùn, ìṣòro gbígbé oúnjẹ mì, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó, ọtí àmujù àti àìlówó wà lára ohun tí ó ń fà á. Àwọn oògùn kan náà máa ń pa ìfẹ́ oúnjẹ kú. Metformin tí a fi ń tọ́jú àtọ̀gbẹ jẹ́ ọ̀kan.

Èkejì, oúnjẹ lè wọlé kí ara má rí i lò. Ìgbẹ́ gbuuru tí kò lọ bọ̀rọ̀, aràn àti àìsàn ìfun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú àtọ̀gbẹ, ṣúgà tí ó yẹ kí ara fi ṣe agbára ni ó ń bá ìtọ̀ jáde.

Ẹ̀kẹta, ara lè máa ná agbára ju èyí tí ó ń wọlé lọ. Ikọ́ ẹ̀gbẹ, kòkòrò HIV, jẹjẹrẹ, àti táírọ́ọ̀dù tí ó ń ṣiṣẹ́ àṣejù wà nínú ọ̀wọ́ yìí. Ẹni tí táírọ́ọ̀dù ń dà láàmú lè máa jẹun dáadáa síbẹ̀ kí ó máa rù, kí àyà rẹ̀ máa lù kìkì, kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n, kí ooru sì máa mú un.

Báwo ni dókítà ṣe ń wádìí?

Ìbéèrè ni dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀: Ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Ǹjẹ́ oúnjẹ wù yín í jẹ? Irú oògùn wo ni ẹ ń lò, títí kan àgbo? Báwo ni ọkàn yín? Lẹ́yìn náà ni yóò wọ̀n yín, tí yóò sì yẹ ẹnu, ọrùn, abíyá, àyà àti ikùn wò.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó sábà máa ń tẹ̀ lé e: iye ẹ̀jẹ̀, ṣúgà, HIV, iṣẹ́ ẹ̀dọ̀, iṣẹ́ kídìnrín àti ti táírọ́ọ̀dù. Ṣúgà tí ó bá tó 126 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ènìyàn tó jẹun ń tọ́ka sí àtọ̀gbẹ, a sì máa ń tún un yẹ̀ wò kí a tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n lè gba ìtọ̀ àti ìgbẹ́, kí wọ́n sì ya àwòrán X-ray àyà. Bí ikọ́ bá wà, wọ́n yóò gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ẹ̀rọ GeneXpert lè fi ikọ́ ẹ̀gbẹ hàn láàárín nǹkan bí wákàtí 2. Ohun tí ìwọ̀nyí bá fi hàn ni yóò sọ bóyá a nílò sìkáànù ikùn, tàbí ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ oníkámẹ́rà tí a fi ń wo inú.

Nígbà mìíràn, àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kì í fi ohunkóhun hàn. Kì í ṣe pé a ti ja aláìsàn jù sílẹ̀. A óò tún un wọ̀n, a óò sì tún un yẹ̀ wò láàárín oṣù 3 sí 6. Ẹ má ṣe pa ọjọ́ náà jẹ.

Ẹ má ṣe dúró bí ẹ bá rí ìwọ̀nyí

• ikọ́ tí ó tó ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibà, tàbí òógùn púpọ̀ lóru
• ẹ̀jẹ̀ nínú ikọ́ tàbí nínú ìgbẹ́
• kókó lára, tàbí oúnjẹ tí kò ṣeé gbé mì
• òùngbẹ àti ìtọ̀ àìdábọ̀
• èrò pé ikú sàn ju ayé lọ

Fún òṣìṣẹ́ ìlera

Ẹ wọn aláìsàn ní gbogbo ìgbà tí ó bá wá, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ̀n kan ṣoṣo kò lè sọ ìtàn. Ẹ bi í ní ìkọ̀kọ̀ bóyá oúnjẹ wà nílé. Ẹ gba àṣẹ rẹ̀ kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò HIV, ẹ má sì jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ èsì rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ní ikọ́ ẹ̀gbẹ tí oògùn ràn, tí ó sì lo oògùn rẹ̀ pé, nígbà púpọ̀ fún oṣù 6, sábà máa ń sàn, ara rẹ̀ a sì padà bọ̀ sípò. Ẹni tí ó ní HIV tí ó ń lo oògùn lójoojúmọ́ lè gbó, kí ó sì tọ́. Ẹni tí ó tètè wá sí ilé ìwòsàn ni a lè tètè ràn lọ́wọ́.